Orí Kẹta: USDT Yìí, Ti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wo Ni?

Ẹni tó bá ti ta USDT fún ẹlòmíràn rí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn yóò ti gbọ́ ìbéèrè yìí kí náírà tó wọlé: "TRC-20 ni àbí BEP-20?" Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn láìmọ ohun tí wọ́n ń dáhùn. Wọ́n á wo ojú fóònù, wọ́n á ka lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n bá rí níbẹ̀, wọ́n á sì tẹ bọ́tìnì. Bí kò bá bọ́ síbi tó yẹ, owó ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀ka báńkì tí èèyàn lè sáré lọ pé kí wọ́n dá a padà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ̀wé sí àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kíríptò. Òwò náà kò kú. Àwọn èèyàn gbé e lọ sí P2P, tí olùtà àti olùrà ń dúnàádúrà fúnra wọn, tí náírà sì ń lọ láti àkáǹtì ẹnì kan sí ti ẹnì kejì. Báńkì Àpapọ̀ dẹ òfin náà ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ṣùgbọ́n àṣà ti mọ́ wa lára. Nínú irú òwò yìí, pàápàá èyí tí à ń ṣe lórí WhatsApp, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá ṣì í yàn, ẹ̀yin náà lẹ ó ru ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àwọn lẹ́tà náà ń sọ kí ọwọ́ yín tó kan bọ́tìnì.

Ibi tí tókìnì wà gan-an

Tókìnì kò sí nínú fóònù yín, kò sì sí nínú wọ́léètì orí fóònù náà. Ẹ wo ọ̀dọ̀ alájọ. Owó tí ẹ dá kò sí nínú káàdì tó fún yín. Orúkọ yín àti iye tí ẹ ti dá ló wà nínú ìwé rẹ̀. Alájọ tó wà ní Ṣómólú kò sì lè mọ ohun tó wà nínú ìwé alájọ Muṣin, bí orúkọ yín tilẹ̀ wà nínú méjèèjì. Bí blockchain ṣe rí nìyẹn: ìwé àkọsílẹ̀ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ló sì ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ethereum ní tirẹ̀, Tron ní tirẹ̀, Solana ní tirẹ̀. Kò sí èyí tó ń ka ìwé èkejì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní "mo ní USDT 100," ohun tí ẹ ń sọ ni pé nínú ìwé kan pàtó, níwájú àdírẹ́sì kan pàtó, wọ́n kọ 100 síbẹ̀. Iléeṣẹ́ Tether ló ń gbé USDT jáde. Orí Bitcoin ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, lórí ètò tí a mọ̀ sí Omni lónìí. Lẹ́yìn náà ló dé Ethereum, ó sì dé Tron ní ọdún 2019. Orúkọ kan náà ni, dọ́là kan ni wọ́n fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún, síbẹ̀ inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà.

ERC-20, ibi tí àwọn yòókù ti yà

Ethereum bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí oṣù keje ọdún 2015. Ẹnikẹ́ni lè kọ ètò kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀, kí ètò náà sì máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń tì í. Smart contract ni wọ́n ń pè é. Tókìnì kan níbẹ̀ jẹ́ smart contract tó ń tọ́jú àdírẹ́sì àti iye tó wà níwájú àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá kọ tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ẹni tó ń ṣe wọ́léètì yóò ní láti kọ iṣẹ́ tuntun nítorí tókìnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 náà, Fabian Vogelsteller àti Vitalik Buterin gbé àbá kan kalẹ̀ tó yanjú rẹ̀. Nọ́ńbà 20 ni àbá náà jẹ́ nínú àwọn àbá tí wọ́n ń pè ní ERC. Ibẹ̀ ni ERC-20 ti gba orúkọ.

Ohun tó béèrè kò pọ̀. Ó ní kí tókìnì lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: mélòó ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, mélòó ló wà níwájú àdírẹ́sì yìí, mélòó ni ẹni yìí yọ̀ǹda kí ẹni yẹn ná nínú tirẹ̀. Ó sì ní kí ó lè ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, tí orúkọ wọn ń jẹ́ transfer, approve àti transferFrom. Ó tán. Orúkọ tókìnì àti àmì rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe dandan nínú àbá náà. Kò sí ibì kan tó ti sọ pé ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan, tàbí pé ẹni tó dá tókìnì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́. Ẹnikẹ́ni lè dá tókìnì sílẹ̀ ní àárọ̀ yìí, kó pe orúkọ rẹ̀ ní USDT, kó sì tẹ̀ lé ERC-20 láìyẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọkàn balẹ̀ nítorí pé tókìnì kan "jẹ́ ERC-20," wọn kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Transfer rọrùn: ẹ ní kí wọ́n yọ iye báyìí níwájú yín, kí wọ́n kọ ọ́ síwájú ẹlòmíràn. Approve ni kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí ọ̀nà yẹn ni gbájúẹ̀ ń gbà wọlé jù. Bí ẹ bá fẹ́ fi USDT ra tókìnì mìíràn lórí Uniswap, ètò tí wọ́n fi ń pààrọ̀ tókìnì, Uniswap kò lè nawọ́ mú USDT yín. Inú àkọsílẹ̀ Tether ló wà. Ẹ ní láti kọ́kọ́ bọwọ́ lu approve, tó túmọ̀ sí "mo gbà kí ètò yìí mú tó báyìí nínú tèmi." Lẹ́yìn náà ni Uniswap yóò lo transferFrom. Kí oníbàárà má baà máa bọwọ́ lu nǹkan lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ ètò máa ń béèrè àṣẹ tí kò ní òpin. Àṣẹ náà kò ní ọjọ́ tí yóò parí. Bí ẹ tilẹ̀ yọ wọ́léètì yín kúrò lórí ojú ewé náà, ó ṣì wà nínú ìwé.

Ojú ewé tó ń ṣèlérí tókìnì ọ̀fẹ́ kò nílò ọ̀rọ̀ 12 tó ń ṣí wọ́léètì yín, tí ẹ fi pamọ́. Ó kàn nílò kí ẹ bọwọ́ lu approve fún USDT yín, ó di ọjọ́ tó bá wù ú kó wá kó o. Irú ìbọwọ́lù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní permit, tí kò gba gáàsì, ìyẹn owó ìfiránṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rárá, tó sì lè fún ẹlòmíràn ní àṣẹ kan náà. Ẹ má rò pé ohun tí kò gba gáàsì kò lè mú owó lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́léètì kọ sójú kí ẹ tó bọwọ́ lù ú. Bí ẹ bá rí approve níbi tí ẹ kò ti fẹ́ ra tàbí tà, ẹ kọ̀ ọ́. Etherscan, ìkànnì tí a ti ń ka ìwé Ethereum, ní ojú ewé tí ẹ ti lè rí gbogbo àṣẹ tí àdírẹ́sì yín ti fún àwọn ètò, kí ẹ sì fagi lé e. Ó ń gba gáàsì díẹ̀, mo sì gbà pé owó tó yẹ ní nínà ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń rú èèyàn lójú: ether, owó Ethereum gan-an, kì í ṣe ERC-20. Ó ti wà kí ìlànà náà tó dé. Ìdí nìyẹn tí WETH fi wà: ẹ fi ether sí ìpamọ́ sínú smart contract kan, ó fún yín ní tókìnì ERC-20 tó dúró fún un, ẹ sì lè gba ether yín padà nígbàkígbà.

BEP-20 àti TRC-20

BNB Smart Chain bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Wọ́n kọ́ ọ lọ́nà tí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ethereum yóò fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, BEP-20 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ERC-20. Àdírẹ́sì wọn rí bákan náà: 0x níwájú, lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ti Polygon, Arbitrum, Base àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Nítorí náà, àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x kò lè sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jẹ́ fún yín. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè.

USDT orí BNB Smart Chain tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ethereum nínú ohun tó jinlẹ̀ ju orúkọ lọ. Tether kọ́ ló gbé e jáde síbẹ̀. Ilé pàṣípààrọ̀ Binance ló gbé e jáde, ó sì ń fi USDT tó wà níbòmíràn tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ ń gbára lé iléeṣẹ́ méjì dípò ọ̀kan. Ìpín wẹ́wẹ́ wọn náà kò dọ́gba. Smart contract kì í ka ìdá, odidi nọ́ńbà ló mọ̀. Lórí Ethereum àti Tron, 1 tí òdo 6 tẹ̀ lé ni wọ́n ń kọ fún USDT kan, ṣùgbọ́n lórí BNB Smart Chain, òdo 18 ni. Wọ́léètì ló ń ṣe ìṣirò náà fún yín, àfi bí ẹ bá ń kọ ètò fúnra yín.

BEP-2, ìlànà tó ṣáájú BEP-20, tí àdírẹ́sì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bnb, ti kógbá sílé ní ọdún 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ síbẹ̀.

TRC-20 ni ti Tron. Iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú ERC-20 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n T ló ń bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 34, nítorí náà kò rọrùn láti ṣì í mú fún ti Ethereum. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni owó ìfiránṣẹ́. USDT kò lè san owó ìrìnàjò ara rẹ̀. TRX ló ń san án, nípasẹ̀ ohun tí Tron ń pè ní energy. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ní USDT tó pọ̀ nínú wọ́léètì tí wọn kò lè gbé e kúrò lójú kan nítorí pé wọn kò ní TRX kankan. Bí ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí kò bá sì ní USDT kankan lórí àdírẹ́sì rẹ̀, energy tí yóò gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí ìlà tuntun ni wọ́n fẹ́ ṣí fún un nínú ìwé. Bí TRX yín kò bá tó, iṣẹ́ náà lè kùnà láàárín ọ̀nà, kí TRX tí ó ti jẹ sì má padà wá. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣẹ́kù díẹ̀ nínú wọ́léètì nígbà gbogbo. Bí BNB ṣe rí fún BEP-20 àti ether fún ERC-20 náà nìyẹn.

Solana gba ọ̀nà mìíràn

Lórí Ethereum, tókìnì kọ̀ọ̀kan ní smart contract tirẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì lè fi ohun burúkú pamọ́ sínú rẹ̀, débi pé ẹ ó lè rà á ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè tà á. Lórí Solana, ètò kan tó ti wà nílẹ̀ ló ń bójú tó àwọn tókìnì. SPL ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Ẹni tó fẹ́ dá tókìnì sílẹ̀ kì í kọ ètò tuntun. Ó kàn ń ṣí àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní mint, tó ń sọ iye tókìnì tó wà, ẹni tó láṣẹ láti tẹ òmíràn sí i, àti ẹni tó láṣẹ láti dì í pa.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tókìnì Solana tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí Solscan, ìkànnì tí a ti ń ka ìwé Solana, kí ẹ wo àṣẹ méjì yìí. Bí àṣẹ títẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni náà lè tẹ iye tó bá wù ú sí i, kí èyí tó wà lọ́wọ́ yín di aláìníláárí. Bí ó bá ní àṣẹ dídì, ó lè ti tókìnì náà pa mọ́ yín lọ́wọ́. USDC, tókìnì dọ́là tí iléeṣẹ́ Circle ń gbé jáde, ní àṣẹ méjèèjì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí Circle gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí dọ́là bá wọlé, kó sì dì í nígbà tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Tókìnì tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ gbé jáde lánàá kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tuntun kan, Token-2022, tún ń jẹ́ kí ẹni tó dá tókìnì sílẹ̀ máa yọ owó nínú gbogbo ìfiránṣẹ́. Ẹ wò bóyá ó wà níbẹ̀.

Àdírẹ́sì yín kọ́ ló ń gba tókìnì tààrà lórí Solana. Àkáǹtì kékeré ni wọ́n ń ṣí fún tókìnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, ṣíṣí rẹ̀ sì ń gba ìdógò nǹkan bí SOL 0.002. Ẹni tó kọ́kọ́ fi tókìnì náà ránṣẹ́ sí yín ló sábà máa ń san án. Bí ẹ bá ti kó gbogbo inú rẹ̀ jáde, ẹ lè ti àkáǹtì náà kí ìdógò bọ́ sọ́wọ́ yín.

Àwọn yòókù

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì TON nípasẹ̀ Notcoin tí wọ́n fi ìka tẹ̀ lórí Telegram ní ọdún 2024. Jetton ni wọ́n ń pe tókìnì rẹ̀, USDT sì dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ẹ ṣọ́ memo lójú méjèèjì. Ilé pàṣípààrọ̀ lè lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí TON, XRP tàbí Stellar; memo yẹn ló ń fi hàn pé tiyín ni owó náà. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, owó á dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò sì ní mọ ẹni tó ni ín.

Lórí Stellar àti XRP, ẹ ní láti kọ́kọ́ gba tókìnì náà láàyè kí ẹnikẹ́ni tó lè fi ránṣẹ́ sí yín. Lórí Cardano, láti oṣù kẹta ọdún 2021, tókìnì wà nínú ìwé fúnra rẹ̀ láìsí smart contract, ADA díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ti Bitcoin ni kí ẹ fi ìṣọ́ra wò jù. BRC-20, tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Domo gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára owó Bitcoin wẹ́wẹ́. Bitcoin kò mọ̀ pé tókìnì ni. Wọ́léètì tí kò mọ BRC-20 lè fi owó wẹ́wẹ́ náà san gáàsì, kí tókìnì yín bá a lọ.

Ti NFT, tókìnì tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá yàtọ̀, ERC-721 ti ọdún 2018 ló fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. ERC-1155 jẹ́ kí smart contract kan tọ́jú oríṣiríṣi papọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n ní approve tiwọn, èyí tó ń fún ẹlòmíràn láṣẹ lórí gbogbo ohun tí ẹ ní nínú àkójọ kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Nípa gbígbé tókìnì láti inú ìwé kan sí òmíràn: ètò tó ń ṣe é máa ń ti tókìnì mọ́ ibi kan, yóò sì tẹ ẹ̀dà rẹ̀ síbi kejì. USDC.e tí ẹ ń rí lórí Arbitrum jẹ́ irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. USDC lásán ni Circle gbé jáde níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ẹnì kan rí àlàfo nínú Wormhole, ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ó tẹ ẹ̀dà ether 120,000 sórí Solana láìfi nǹkan kan sílẹ̀ níbi tó ti yẹ kó wá. Iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ. Bí èyí tí iléeṣẹ́ gbé jáde bá wà, òun ni kí ẹ mú.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Ẹ ní kí ẹni tí ẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí kọ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní kíkún, kì í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan: "BNB Smart Chain," "Tron." Ẹ wò bóyá ẹ ní owó gáàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn. Bí ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbà, ẹ fi àdírẹ́sì smart contract tókìnì náà wé èyí tó wà lórí ojú ewé iléeṣẹ́ tó gbé e jáde, nítorí ẹnikẹ́ni lè jí orúkọ àti àmì lò.

Ẹ má ṣe da àdírẹ́sì kọ láti inú àkọsílẹ̀ ìfiránṣẹ́ yín. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń ṣe àdírẹ́sì tó jọ ti ẹni tí ẹ máa ń fi owó ránṣẹ́ sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, wọ́n á sì fi òdo ránṣẹ́ kí ó lè jókòó sínú àkọsílẹ̀ yín. Ẹ ka àárín àdírẹ́sì náà pẹ̀lú. Bí owó bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ dúró de ìgbà tí ẹnì kejì yóò sọ pé ó dé.

Bí ó bá ti ṣì lọ

Bí ẹ bá fi USDT ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì 0x tiyín, ṣùgbọ́n tí ó gba BNB Smart Chain lọ dípò Ethereum, ẹ má fòyà. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí àdírẹ́sì náà nínú ìwé méjèèjì. Ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kún wọ́léètì yín, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ẹ ra BNB díẹ̀ fún gáàsì, kí ẹ gbé e padà.

Èyí kò kan wọ́léètì tó jẹ́ smart contract, irú èyí tí èèyàn púpọ̀ jọ ń bọwọ́ lù. Ní ọdún 2022, Optimism Foundation fi tókìnì OP mílíọ̀nù 20 ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ Wintermute fún wọn. Orí Ethereum ni wọ́léètì náà wà. Wọn kò tíì ṣí i lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Optimism. Ẹlòmíràn yára ṣí i níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, ó sì di olówó rẹ̀. Ó dá mílíọ̀nù 17 padà lẹ́yìn náà.

Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì ilé pàṣípààrọ̀ lẹ fi ránṣẹ́ sí, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ kọ̀wé sí wọn láti inú áàpù wọn, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbà àti iye rẹ̀ sí i. Àwọn kan máa ń dá a padà, wọ́n á sì gba owó iṣẹ́. Àwọn mìíràn kì í ṣe é. Bí ẹ bá sì fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì smart contract tókìnì náà fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó wà níbẹ̀ títí láé, nítorí transfer inú ERC-20 kì í béèrè bóyá ẹni tó ń gbà á mọ bí yóò ṣe lò ó. Ẹni tó bá wá bá yín lórí Telegram pé òun lè yọ ọ́, kí ẹ ṣáà fún òun ní ọ̀rọ̀ 12, owó tó kù lọ́wọ́ yín ló wá gbà.